Ọ̀kadà yín ń gbọ̀n jù? Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó epo. Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí ló ń gùn ún. Àwọn kan ń fi gbé ẹrù oníbàárà kiri, àwọn kan ń fi lọ síbi iṣẹ́, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọ̀kadà gíga onítáyà eléyín yẹn ló wù wọ́n, èyí tó ń sáré lórí títì tó sì tún ń wọ igbó. Irú rẹ̀ lèmi náà ń gùn, 200cc. Akọ̀ròyìn tí kò ní ọ́fíìsì ni mí, ọ̀nà ibi tí ìròyìn sì pọ̀ sí, kì í ṣe ọ̀nà tí ọkọ̀ kékeré ń gbà já.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kadà yìí gba ₦68,000 lọ́wọ́ mi lásán, ó sì kù díẹ̀ kó gba ẹ̀mí mọ́ ọn. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ̀yin má baà san irú owó bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé tí mo bá gùn ún láti Ìbàdàn dé Ẹ̀rúwà, ìka mi á kú, á wá máa ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Dígí ẹ̀gbẹ́ kò fi ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn hàn dáadáa mọ́, ó kàn ń gbọ̀n ni. Gílóòbù iná ẹ̀yìn já lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀kadà ti ń dàgbà nìyẹn.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa. Kò tẹ́tí sí i ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, rìǹgì ti jẹ. Ẹ́ńjìnì yìí ti fẹ́ máa lọ. Ẹ jẹ́ ká tètè tú u." Ó tú u. A ra rìǹgì, a ra gasket, ó tún ní níwọ̀n ìgbà tí a ti débẹ̀, ká kúkú tú apá ọ̀tún, ká pààrọ̀ clutch. Èmi náà gbà. Owó ọjà àti owó iṣẹ́ jẹ́ ₦68,000.

Nígbà tí mo gbà á padà, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le koko sí i. Ó wá ń gbọ̀n débi pé ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ kúrò lórí ibi tí mo gbé e lé. Mẹkáníìkì ní kí n fara balẹ̀, pé rìǹgì tuntun ní láti kọ́kọ́ jókòó. Mo gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, lójú ọ̀nà Ẹ̀rúwà, bóòtù tó di káríà ẹ̀yìn mú já. Àpótí tí kámẹ́rà mi wà nínú rẹ̀ ṣubú sí àárín títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Awakọ̀ náà yà kúrò, ó wọ inú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì rí ọkọ̀ rẹ̀ dá dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wò mí, kò tilẹ̀ bú mi. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n bíi tèmi. Títí dòní, tí mo bá rántí ojú ọkùnrin yẹn, ọkàn mi máa ń já.

Bàbá tó béèrè ọ̀rọ̀ kó tó mú sípánà

Mo ti ọ̀kadà dé Ẹ̀rúwà. Wọ́n júwe bàbá kan fún mi tó ń tún ọ̀kadà ṣe lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ti ń sọ pé ó dà bíi pé crankshaft ló bàjẹ́, nítorí mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan lórí fóònù. Bàbá ní kí n sinmi ná. Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Tó bá wà lójú kan, tí o fún un níná, ṣé ó ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ náà? Kí ni wọ́n ṣe sí i kẹ́yìn?

Mo dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akọ̀ròyìn, ìwọ tó ń bi gómìnà léèrè ọ̀rọ̀, o ò bi ọ̀kadà tìrẹ léèrè ohun kan."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan àwọn bóòtù tó de ẹ́ńjìnì mọ́ eegun ọ̀kadà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lókè, nítòsí orí ẹ́ńjìnì, nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Bóòtù fúnra rẹ̀ ti yọ dé ìdajì. Ọ̀kan nísàlẹ̀ náà ti dẹ̀. Ó fi nọ́ọ̀tì mìíràn sí i, ó dè wọ́n pa. Nígbà tí a sáná sí i, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tán.

Bàbá ní, "Èyí ni àìsàn tí o gbé kúrò nílé. Èyí tó kù, ọ̀dọ̀ oníṣègùn lo ti kó o." Ó fa ọ́ìlì sílẹ̀, ó ṣí ìdérí apá ọ̀tún, ó pè mí kí n wá wo jíà méjì tó kan ara wọn. Ojú àmì kéékèèké wà lára wọn, ọ̀kan lára èyí, ọ̀kan lára ìkejì. Ó yẹ kí àmì méjèèjì kọjú síra. Wọn kò kọjú síra. Ẹni tó tú clutch ló yọ jíà yẹn, tó sì dá a padà bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́.

Bàbá tò wọ́n padà, ó pa á dé, ó dá ọ́ìlì sí i. A sáná sí i. Mo gbé ìgò omi kan lé orí táńkì, omi inú rẹ̀ kàn ń rọra mì ni. Owó tí Bàbá gbà kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí mo ti san ní Ìbàdàn.

Kí ló ń mú ẹ́ńjìnì gbọ̀n gan-an?

Ẹ jẹ́ ká yé ara wa: ẹ́ńjìnì ọ̀kadà kékeré gbọ́dọ̀ gbọ̀n. Písítìnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá ń yí nígbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, písítìnì yẹn ń lọ sókè, ó ń padà sísàlẹ̀, nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Gbogbo ìgbà tó bá dé òkè tó tún fẹ́ padà, ó ń ti ẹ́ńjìnì. Àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnì máa ń fi ìwúwo sí ara crankshaft kó lè fà á padà, àmọ́ ìyẹn nìkan kò lè pa gbogbo gbígbọ̀n náà.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọ̀pá mìíràn sínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, tí wọ́n ń pè é ní balancer. Ìwúwo wà ní apá kan lára ọ̀pá yìí. Ó ń yí ní òdìkejì crankshaft, iye ìgbà kan náà. Bí písítìnì bá ń ti ẹ́ńjìnì sókè, ìwúwo ọ̀pá yìí á máa fà á sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a kò bá to jíà rẹ̀ sójú àmì, á máa fà nígbà tí kò yẹ kó fà. Nígbà yẹn, kàkà kó gbè wá, ṣe ló ń bá písítìnì lù wá.

Ẹ́ńjìnì Honda CG125 jáde ní ọdún 1976, kò sì ní balancer. Òun ni wọ́n wò ṣe ọ̀pọ̀ nínú ẹ́ńjìnì ọ̀kadà tó ń ti Ṣáínà wá. Lára irú ẹ̀dà yìí tó jẹ́ 200cc, àwọn kan ní balancer nínú. Tí ẹ bá wò ó láti òde, ojú kan náà ni wọ́n ní. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí kékeré, tó wá tú ńlá, tí kò bá wo àmì, á ro pé bákan náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń wá

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ bi ọ̀kadà léèrè ọ̀rọ̀. Ìdánwò mẹ́ta ni, kò sì gba kọ́bọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, ẹ fi í sí neutral, kó dúró lójú kan. Ẹ rọra máa fún un níná. Tó bá ń gbọ̀n gidi lójú kan náà, ọ̀rọ̀ náà wà lára ẹ́ńjìnì, tàbí àwọn bóòtù tó dè é mú, tàbí sàléńsà. Tí kò bá ṣe ohunkóhun lójú kan, tó jẹ́ pé tó bá ń rìn nìkan ló ń ṣe é, ẹ fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀. Ẹ lọ wo ṣéènì, táyà àti rímù.

Ìkejì, ẹ wá ọ̀nà tí ọkọ̀ kò sí. Nígbà tí ẹ bá dé eré tó máa ń gbọ̀n lórí rẹ̀, ẹ dín iná kù, kí ẹ fa clutch. Tó bá dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ́ńjìnì ni. Tó bá ń bá a lọ, tó ń rọlẹ̀ bí eré ṣe ń rọlẹ̀, apá táyà àti ṣéènì ni.

Ìkẹta, ẹ sáré eré kan náà pẹ̀lú jíà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí gbígbọ̀n náà bá yí padà nígbà tí ẹ yí jíà, ẹ́ńjìnì ló ni ín. Tó bá jẹ́ pé ní 60 ló ń ṣe é, jíà yòówù tí ẹ bá wà, ẹsẹ̀ ọ̀kadà ló ni ín.

Bó ṣe ń gbọ̀n náà máa ń sọ̀rọ̀. Ní eré 60, táyà ẹ̀yìn ń yí bíi ìgbà 8 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà gbígbọ̀n tirẹ̀ máa ń jẹ́ jìgìjìgì, ẹ ó mọ̀ ọ́n ní ìdí. Ti ẹ́ńjìnì yára gan-an, rìrìrì ló ń ṣe, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló máa ń mú.

Láti orí èyí tí kò náni lówó dé èyí tó wọ́n

Àgbà bọ̀, wọ́n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí.

Bóòtù ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ́ńjìnì ti tutù. Ẹ wo gbogbo èyí tó de ẹ́ńjìnì mú, lókè, níwájú, lẹ́yìn. Ẹ wo èyí tó de sàléńsà mọ́ orí ẹ́ńjìnì, èyí tó mú ọwọ́ ọ̀kadà, ibi ìfẹsẹ̀lé àti káríà. Ẹ má fi agbára dè é jù o, ojú ihò tó jẹ́ alumíníọ̀mù máa ń tètè jẹ. Bàbá kọ́ mi ní ọgbọ́n kan: ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó jókòó lé. Ọjọ́ tí ìlà yẹn kò bá bára mu mọ́, nọ́ọ̀tì ti yí nìyẹn. Ìyàwó mi ń bi mí pé ta ló ń lo kútẹ́ẹ̀sì òun. Mo ní ọ̀kadà ni.

Lẹ́yìn náà, táyà àti rímù. Táyà eléyín máa ń hó, ó sì máa ń gbọ̀n díẹ̀ lórí ọ̀dà, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ inú rímù ní apá kan, nítorí ẹrẹ̀ yẹn nìkan tó láti mú un máa jó. Ẹ fi sípánà kékeré kan sípókù lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó le á dún gooro, èyí tó ti dẹ̀ á dún bí igi. Ẹ gbá táyà mú, ẹ tì í sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń mì, bíárìn ti lọ tàbí nọ́ọ̀tì àárín ti tú.

Ṣéènì ló kàn. Ẹ pa ẹ́ńjìnì pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí ìka kì í hù padà. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn, kí ẹ máa wo ṣéènì. Tó bá le ní ibì kan tó tún dẹ̀ ní ibòmíràn, ó ti jẹ. Tí eyín sprocket bá ti ṣẹ́ wọ́rọ́kọ́ bí ẹnu ìwọ̀, ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀ mọ́ ṣéènì. Ẹ má sì fa ṣéènì ọ̀kadà gíga le bíi ti ọ̀kadà kúkúrú. Tí ẹ bá jókòó lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ púpọ̀, ṣéènì á sì tún le sí i. Ṣéènì tó le jù ń gbọ̀n, ó sì ń jẹ bíárìn inú ẹ́ńjìnì.

Nígbà tí gbogbo èyí bá dára, ẹ wá wo bí ẹ́ńjìnì ṣe ń jó epo. Tó bá ń já, tó ń fà tó ń dúró, tó ń gbọ̀n jù nígbà tí iná rẹ̀ kéré, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì. Tó bá dúdú kirikiri, ó ṣeé ṣe kí filter afẹ́fẹ́ ti dí, pàápàá tí ẹ bá ń gba ọ̀nà eléruku. Ẹ wo ìdérí pọ́lọ́ọ̀gì bóyá ó jókòó dáadáa. Ẹ tú epo ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ sínú ìgò, ẹ wò ó bóyá omi wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe tappet nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, pẹ̀lú ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọ̀kadà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ojú wọ̀n.

Ẹ́ńjìnì ló kẹ́yìn. Tí ẹ bá gbọ́ kọ́kọ́kọ́ láti ìsàlẹ̀ tó ń yára bí iná ṣe ń pọ̀, tí ẹ fa ọ́ìlì tí ẹ rí èérún irin nínú rẹ̀, ó ti tó àkókò láti tú u nìyẹn. Bákan náà, tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n tú ẹ́ńjìnì ni gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀ tàbí tó pọ̀ sí i, ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa balancer. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì kó ya fọ́tò àmì jíà kó tó yọ ọ́, kó sì pè yín wá wò ó kó tó pa á dé.

Ìgbà tí kò yẹ kẹ́ ẹ gùn ún rárá

Tí ẹ bá rí i tí ẹ́ńjìnì ń sún nínú eegun rẹ̀, tí táyà ń mì sí ẹ̀gbẹ́, tí ṣéènì ń fò lórí sprocket, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ tì í. Ṣéènì tó bá já lórí eré lè ká mọ́ ẹ̀yìn, kó sì dá táyà dúró gbagidi. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń gbé ẹrù kiri, ọjọ́ tí kò bá jáde, kò sí owó. Ṣùgbọ́n èmi tó ní ìròyìn tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn náà ronú bẹ́ẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù kan sì ló kù díẹ̀ kó fi ara gbà á.

Ara tiyín náà ńkọ́? Ìka tó ń kú lójoojúmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Gbígbọ̀n tó bá ń wọ ọwọ́ fún ọdún pípẹ́ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìka jẹ́. Ní Yúróòpù, òfin kan ti wà láti ọdún 2002 tó fi gbèdéke sí iye gbígbọ̀n tó lè wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ lóòjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń so fóònù mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà láti fi wo map, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Apple kìlọ̀ pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì alágbára lè ba kámẹ́rà iPhone jẹ́. Wọ́n ní kódà lórí ọ̀kadà kékeré, kí èèyàn lo ohun ìsofóònù tó ń gba gbígbọ̀n dúró.

Mo padà sí Ìbàdàn

Mo padà lọ bá mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Inú ń bí mi nígbà tí mo ń lọ, mi ò purọ́. Mo fi fọ́tò jíà méjèèjì hàn án lórí fóònù. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò fi àmì hàn mí rí. Ọ̀kadà tí a fi kọ́ṣẹ́ kò ní jíà yìí." Ó ní kí n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí òun. Mo fi í ránṣẹ́. Kò dá owó mi padà, àmọ́ ó ní tí mo bá tún wá, òun ò ní gbowó iṣẹ́.

Nígbà tí mo tún lọ, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ mú sípánà dání. Ọ̀gá rẹ̀ dá a dúró. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"